Èsì lórí ìní, ìkáwọ́ àti ìlẹ́tọ̀ọ́: bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ Simmons ní èdè wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kọ̀wé yìí.

Àbúrò wa tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń ṣe àkótán iṣẹ́ A. John Simmons ní Yorùbá, kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa jíròrò rẹ̀ ní èdè tí ìyá wọn fi tọ́ wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Simmons, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ìṣèlú tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Virginia. Ìbéèrè kan náà ló ń tọ̀ láti ìwé dé ìwé: kí ló fún ìjọba láyè láti pàṣẹ fún mi, kí ó gba owó lọ́wọ́ mi, kí ó sì sọ pé abẹ́ òun ni ilẹ̀ tí mo dúró lé wà? Àbúrò wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló há òun lọ́fun, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní propriété (jíjẹ́ ẹni tó ni nǹkan), justification (fífi hàn pé nǹkan tọ́), légitimité (ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ) àti autorité (àṣẹ).

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ṣábẹ̀ fèsì pé kí ó má da ara rẹ̀ láàmú. Wọ́n ní ìbófinmu ni légitimité. Wọ́n ní propriété kò sì nílò ọ̀rọ̀ tuntun, torí "oní" ti wà lẹ́nu wa láti ìwáṣẹ̀: onílẹ̀ ló nilẹ̀, Alákétu ló ni Kétu, Oníṣábẹ̀ ló ni Ṣábẹ̀. Ẹlòmíràn láti Àjàṣẹ́ ní òun fara mọ́ ìtẹ́wọ́gbà dípò ìbófinmu, pé ìjọba tí ará ìlú bá ti tẹ́wọ́ gbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, n kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n n kò lè gbà pẹ̀lú yín lórí èyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá gbé dé iwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìdílé kan ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú gba ìwé kan tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀ pé: "Ìwé ìní ilẹ̀ yín nìyí." Inú wọn dùn. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n pín ẹran dé ilé mi. Nígbà tó yá, alámùúlégbè wọn pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ààlà. Ìgbà tí wọ́n gbé ìwé náà jáde ni wọ́n tó gbọ́ pé kì í ṣe titre foncier, ìwé tí ìjọba fi ń fìdí ẹni tó ni ilẹ̀ múlẹ̀. Bàbá tó jẹ́ olórí ìdílé náà pè mí. Kò bú mi, kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ní: "Ọmọ mi, ṣé èdè wa ò ní ọ̀rọ̀ méjì fún un ni?"

Ó ní. Èmi ni n kò lò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé gígùn báyìí.

Òfin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn Code foncier et domanial ti 2013 tí wọ́n tún ṣe ní 2017, kò da détention àti propriété pọ̀. Titre foncier ni ó fi ń fìdí propriété múlẹ̀. Détention coutumière sọ pé ilẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ ìdílé yìí gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀, a sì lè gbà pé àwọn ló ni ín títí ẹlòmíràn yóò fi mú ẹ̀rí tó tako èyí wá. Kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ o. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, èmi sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Wàyí o, "oní". Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ dáadáa. Èdè wa ní "ní" olóhùn òkè, ó sì ní "ni" olóhùn àárín. Mo ní ọ̀gá, n kò ni ín. Mo ní ẹjọ́ ní kóòtù, kò sẹ́ni tó máa sọ pé èmi ni mo ni kóòtù. Tí wọ́n bá bèèrè pé ta ló ni ilé yìí, ohùn àárín ni wọ́n fi ń bèèrè, ẹni kan ṣoṣo tàbí ìdílé kan ṣoṣo ni ìdáhùn sì máa ń tọ́ka sí. Bí àwọn àgbà bá ní Ọlọ́run ló ni wá, ohùn àárín náà ni. Inú èwo ni "oní" ti wá? Inú "ní" olóhùn òkè ni. Ẹ wo onígbèsè. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ bí a bá bèèrè pé ta ló ni owó náà, ẹlòmíràn ni a ó nàka sí. Ẹ wo oní-zémì tó ń gbé èrò kiri ìgboro Kétu láti àárọ̀ di alẹ́. Oní-zémì ni gbogbo wa ń pè é, síbẹ̀ ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni alùpùpù náà, tí òun sì ń fi owó jíṣẹ́ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Oní" ń sọ fún wa pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tàbí lórí rẹ̀, tàbí lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì sọ pé òun ló ni ín.

Nítorí náà Alákétu ni ẹni tí Kétu wà lórí rẹ̀. Ọba kò lè fi Kétu dógò, kò lè tà á fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ sì ni àṣẹ ọba lórí ìlú tó kó àwọn ìdílé wọ̀nyẹn jọ. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì fún un: dominium ni ti ẹni tó ni nǹkan, imperium ni ti ẹni tó ń pàṣẹ. Àwọn onímọ̀ tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba títí dòní ṣì ń lo ìyàtọ̀ yẹn, Simmons náà ń lò ó. Bí àbúrò wa bá fi "oní" túmọ̀ méjèèjì, ẹni tó bá ń ka àkótán rẹ̀ kò ní mọ ohun tí Simmons ń jà fún.

Ohun tí mo dá lábàá nìyí. Kí a fi ìní sílẹ̀ fún propriété, torí ó ti mọ́ wa lára nínú "ohun-ìní", ó wà nínú Bíbélì, ó wà ní ilé ẹjọ́ náà. Mo mọ̀ pé "ìní" fúnra rẹ̀ wá láti inú "ní", àmọ́ lílò ti gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan lè ní kí a dá "ìni" olóhùn àárín sílẹ̀. Ó bá gírámà mu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìsí àmì kankan. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ ti ohùn nìkan kò ní pẹ́ sọnù. Fún possession àti détention, ìyẹn kí nǹkan wà lọ́wọ́ ẹni, kí a lo ìkáwọ́. A kò dá a, ó wà nílẹ̀: "ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ mi" kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Attestation de détention coutumière yóò wá di ìwé-ẹ̀rí ìkáwọ́ ti ìbílẹ̀. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ewúrẹ́ yẹn lè má kú.

Ẹ̀tọ́ ìní ni màá wá pe droit de propriété. Abala 22 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1990 sọ pé gbogbo èèyàn ló ní in, pé a kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi fún àǹfààní gbogbo ìlú, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ san ohun tó tó fún un. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni propriété, kì í ṣe possession, ẹni tó bá túmọ̀ abala náà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó mú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ Simmons ti bá tiwa pàdé jù ni ibi tí ìní ti ń wá. Ẹ̀yìn John Locke ló ń tọ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́ ní 1689 pé olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀, torí náà òun ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohun tó bá sì fi iṣẹ́ náà pò mọ́ nínú ohun tí Ọlọ́run fún gbogbo ayé di tirẹ̀, bí èyí tó kù bá ṣì tó fún àwọn ẹlòmíràn, tó sì dára bákan náà. Robert Nozick, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, bèèrè ìbéèrè kan ní 1974 tí gbogbo wọn ò yéé sọ: bí mo bá da agolo omi tòmátì mi sínú òkun, tó sì pò mọ́ omi òkun, ṣé mo ti ni òkun ni, àbí mo kàn fi omi tòmátì mi ṣòfò? Simmons, nínú ìwé tó kọ lórí Locke ní 1992, ní kí a má gbọ́ "pípò" bí ẹni pé iṣẹ́ jẹ́ omi tí a ń dà sínú nǹkan. Ó ní iṣẹ́ tí Locke ń sọ ni kí èèyàn mú nǹkan wọnú ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, kí ó fi ète àti èrò darí rẹ̀.

Àbúrò wa túmọ̀ iṣẹ́ yìí sí òógùn. Mo rí ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí alágbàro. Alágbàro ń làágùn lórí oko ju olóko lọ, oòrùn ọ̀sán ń pa á, kò sì sí ẹni tó máa ní òun ló ni oko. Kí ló dé? Torí pé ó ro oko ni, kò dá oko. Ẹni tó dá oko ló wo igbó tó ní ibi báyìí ni àgbàdo yóò wà, ibi báyìí ni ẹ̀gẹ́, ọdún tó ń bọ̀ màá gbin kajú síbẹ̀. "Dá" yẹn, tí a fi ń dá nǹkan sílẹ̀, tí a fi ń dá oko, ni Simmons ń wá kiri ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò rí. Ìdáko ni kí a pè é, àní bí kì í bá ṣe oko. Ìdí kan náà ni àwọn baba wa kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin igi tó ń pẹ́ nílẹ̀. Ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀pà. Igi ọlọ́dún gbọọrọ ní ìdáko nínú, ẹni tó bá sì gbà á láyè láti dá oko ti ń ṣí ọ̀nà ìní fún un.

Ìtàn Kétu sì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi wọ̀n gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ní 1886 ogun Dàhòmì, nígbà ayé Glele ọba wọn, fọ́ ìlú yìí. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn tí kò kú lẹ́rú lọ. Ìgbà tí Faransé borí Dàhòmì ní àwọn ọdún 1890 ni àwọn tó yè padà wá tún un kọ́. Láàárín ìgbà yẹn, ìkáwọ́ ti bọ́. Kò sí ẹni tó ń ro oko, igbó ti bo ààlà. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, kò sí ẹni tó sọ pé àwọn wá tẹ ìlú tuntun dó. Wọ́n ní àwọn padà sórí ilẹ̀ àwọn. Ìkáwọ́ ti lọ, ìní kò lọ. Simmons kọ púpọ̀ lórí irú èyí, lórí bí ẹ̀tọ́ tí a fi ipá gbà ṣe lè máa wà lẹ́yìn ìjàǹbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tó ti pẹ́ lè yí bí a ó ṣe san án padà.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn Faransé kọ ní oṣù kẹwàá 1904, nínú àṣẹ tí wọ́n pa fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn: terres vacantes et sans maître, ilẹ̀ tó ṣófo tí kò ní olúwa, ti ìjọba ni. Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi ṣófo ni. Kò sí ẹni tó káwọ́ rẹ̀ lónìí, ó wá jọ bí ẹni pé kò sí ẹni tó ni ín. Nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan lẹ́nu aṣòfin, oko baba ẹlòmíràn di ti ìjọba lórí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe irú rẹ̀ nínú èdè wa.

Àṣẹ kò gbà mí lákòókò. Autorité ni àṣẹ, agbára ni ti ẹni tó gbé ìbọn. Adigunjalè lójú ọ̀nà Ìlárá ní agbára láti gba àpò mi, kò ní àṣẹ. Kò sẹ́ni tó jiyàn èyí láàárín wa.

Légitimité ni ìjà wà. Ní 1999 Simmons tẹ àròkọ kan jáde tí àbúrò wa gbé ka iwájú, nínú èyí tó ti fẹ̀sùn kan àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ń da justification pọ̀ mọ́ légitimité. Justification ni pé a lè fi hàn pé ìjọba yìí dára kí ó wà, pé ó sàn ju kí ìjọba má sí lọ, pé kò fìyà jẹ àwọn èèyàn láìnídìí. Légitimité yàtọ̀. Ẹ̀tọ́ kan ni, láàárín ìjọba náà àti èmi gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan: ẹ̀tọ́ láti fi ojúṣe tuntun lé mi lórí, kí òun nìkan sì ní i. Èyí àkọ́kọ́ kò bí èkejì. Ẹ jẹ́ kí n fi télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Télọ̀ kan wà nítòsí ọjà wa tí kò sí ẹni tó lè rán ẹ̀wù bíi tirẹ̀, kì í purọ́ ọjọ́, kì í gé aṣọ ṣòfò. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà nílùú. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé mi lówùúrọ̀, tó gbé aṣọ mi tí n kò bẹ̀ ẹ́ kó rán, tó rán an tán tó sì ní kí n san owó, dídára rẹ̀ kò sọ mí di oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí mi lẹ́nu: ó yẹ. Èdè wa ti ya ohun tí Simmons fi ojú ìwé púpọ̀ yà. Ó yẹ kí n fún ọmọ aládùúgbò mi ní oúnjẹ bí ebi bá ń pa á. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti já a gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọba kan lè gbọ́n, kó lawọ́, kó mọ ìtàn, kí gbogbo èèyàn ní ó yẹ kí ó jọba. Bí kò bá kan ìdílé rẹ̀, nínú ìdílé ọba márùn-ún tí oyè Kétu ń yí láàárín wọn, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. "Yẹ" ń sọ nípa bí nǹkan ti rí. "Lẹ́tọ̀ọ́" ń fi nǹkan sí ọwọ́ ẹnì kan. Mo ronú lórí "tọ́ sí" títí ilẹ̀ fi ṣú, torí ó wuyì, a ní oyè tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ̀yìn "yẹ" ló ń tọ̀: a máa ń ní ìyìn tọ́ sí ẹnì kan, a kò túmọ̀ rẹ̀ pé ó lè pe wá lẹ́jọ́ bí a kò bá yìn ín.

Ìdáláre ni kí justification jẹ́, torí àròyé ló ń béèrè, ẹnì kan ló ń dá ìjọba láre lẹ́yìn tó ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìlẹ́tọ̀ọ́ ni kí légitimité jẹ́, ìlẹ́tọ̀ọ́-àṣẹ bí ó bá jẹ́ ti ìjọba.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí tí ìbófinmu kò fi lè ṣe é nìyí. Légalité ni ìbófinmu. Ó ń béèrè bóyá nǹkan bá òfin mu, nígbà tí Simmons ń béèrè bóyá ẹni tó ṣe òfin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é fún mi. A kò lè fi òfin dá òfin láre. Kétu mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Ní àwọn ọdún 1910, nígbà tí Alákétu Onyegen ti dàgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, àwọn Faransé fi Alaba Ida, ìyàwó àgbà rẹ̀ láàfin, ṣe ẹni tí àwọn yóò máa bá ṣàkóso, wọ́n ń pè é ní reine (ọbabìnrin). Obìnrin tó ní ipò ni, àṣẹ tó ní nínú ààfin kí òyìnbó tó dé jẹ́ àṣẹ gidi, n kò ní bu ìyẹn kù. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn Faransé fi kún un, òfin wọn ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, àwọn kan náà ló sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wù wọ́n. Ó bófin mu lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ, ó bófin mu lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Kí la wá fẹ́ fi ìbófinmu sọ nípa bóyá ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ìtàn, torí ní 2025 ni àwọn aṣòfin dìbò ní Àjàṣẹ́ fún òfin lórí oyè ìbílẹ̀, tó sọ àwọn oyè tí orílẹ̀-èdè yóò máa mọ̀. Ọba tí òfin mọ̀ àti ọba tí oyè kàn lè jẹ́ ẹnì kan náà, mo sì gbàdúrà kí ó máa rí bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ ẹnì kan náà ńkọ́? A ó nílò ọ̀rọ̀ méjì lọ́jọ́ yẹn.

Ìtẹ́wọ́gbà sàn díẹ̀. Max Weber, ọmọ Jámánì tó sọ ní 1919 pé ìjọba ni èyí tó gba agbára ìlò ipá fún ara rẹ̀ nìkan tí a sì kà á sí ẹ̀tọ́ rẹ̀, ohun tí ará ìlú gbà gbọ́ nípa ìjọba wọn ló ń wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń túmọ̀ Weber, ìtẹ́wọ́gbà yóò gbè é. Simmons tako ọ̀nà yẹn gan-an: bí ó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ nìkan ló ń fúnni ní ẹ̀tọ́, ìjọba tó bá fi irọ́ fọ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́pọlọ títí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ti jèrè ẹ̀tọ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n kó láti Kétu lọ sí Abọ́mẹ́ lọ́mọdé lè dàgbà síbẹ̀, kó máa kí ọba Dàhòmì tọkàntọkàn. Ṣé ìyẹn sọ ìkónilẹ́rú di ẹ̀tọ́?

Ohun tó ń fúnni ní ìlẹ́tọ̀ọ́ lójú Simmons, bíi ti Locke, ni pé ẹni náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Locke ní èèyàn lè fọwọ́ sí i láìsọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá tilẹ̀ ń rin ojú ọ̀nà ìjọba lásán ti gbà. David Hume, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Skọ́tíláǹdì, dá a lóhùn ní 1748 pé ìyẹn dà bí kí a ní ẹni tí wọ́n gbé sùn wọ ọkọ̀ ojú omi ti gbà sí àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ torí pé kò bẹ́ sínú òkun. Simmons, nínú ìwé tó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1979, kò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò lè jẹ́ ìfọwọ́sí láé. Ó ní bí a bá pe ìpàdé, tí a bèèrè bóyá ẹnì kan ní àtakò, tí gbogbo wọn mọ̀ pé wọ́n ń bèèrè, tí àyè wà láti sọ̀rọ̀ láìfarapa, ìdákẹ́ wọn ti sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́ lásán ni. Àwa náà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A kò ní tara rẹ̀ a bá a gbà. Ìfọwọ́sí ìdákẹ́ ni mo dá lábàá fún un, n kò sì rọ̀ mọ́ ọn gidigidi, ẹni tó bá ní èyí tó dára jù kó mú un wá.

Ó kù kí n sọ ti ilẹ̀ ìjọba, torí ibẹ̀ ni ìní àti ìlẹ́tọ̀ọ́-àṣẹ ti so pọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààlà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní ilé níhìn-ín, oko wọn sì wà lọ́hùn-ún. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2016, Simmons kojú àwọn tó ní ìjọba tó bá ń ṣe òdodo lórí ilẹ̀ kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò dá ìjọba olódodo mìíràn dúró láti wọlé, kó gba ilẹ̀ náà, kó sì máa ṣàkóso rẹ̀ dáadáa bí ti àkọ́kọ́? Lójú tirẹ̀, àwọn èèyàn tó ni ilẹ̀ ló ń mú ilẹ̀ wọn wọ abẹ́ ìjọba nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Ìní ló ṣáájú, àṣẹ tẹ̀ lé e. Àwọn tó fa ìlà 1889 kò bèèrè lọ́wọ́ ìdílé kankan. Bí a bá fi "oní" kan ṣoṣo túmọ̀ propriété àti autorité, gbólóhùn yẹn yóò di pé onílẹ̀ ṣáájú onílẹ̀.

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ kí o yọ kúrò pátápátá. O kọ pé Simmons jẹ́ "alátìlẹ́yìn jàgídíjàgan" torí ó pe ara rẹ̀ ní anarchiste. Ohun tó sọ kò jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú àwọn ìjọba tó wà, bóyá ni ọ̀kan wà tó lẹ́tọ̀ọ́-àṣẹ lórí gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí kò sí èyí tó gba ìfọwọ́sí wọn. Kò ní kí a dìde bi ìjọba wó. Ó ní a ṣì ní ìdí púpọ̀ láti ṣe ohun tí òfin wí, torí kò yẹ kí á pa ọmọnìkejì lára, òfin tàbí àìsófin. Kọ ọ́ pé ó jẹ́ ẹni tó ń ṣiyèméjì nípa ìlẹ́tọ̀ọ́-àṣẹ ìjọba. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò parọ́ mọ́ ọkùnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣábẹ̀, mo ń retí èsì yín, pàápàá lórí "ní" àti "ni", torí ẹ̀yin lẹ mọ bí àwọn àgbà Ṣábẹ̀ ṣe ń pè é. Ìdílé tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan yóò pàdé lórí ẹjọ́ wọn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, wọ́n sì tún pè mí ṣe ògbufọ̀. Màá sọ fún bàbá náà pé ọ̀rọ̀ méjì wà. Màá kọ́kọ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìkáwọ́ nínú rẹ̀, màá sì jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n bá sọ.